Ilẹ̀ Tó Ń Di Ẹsẹ̀ Mú

"Mo kàn jókòó ni," ni Ìyá Àgbà wí láti orí ilẹ̀ balùwẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà ní ìdajì ara rẹ̀, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa sì ti yí dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àbí èèyàn ò lè jókòó nínú ilé ọmọ ẹ̀ mọ́ ni?"

Aránṣọ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ló wà tó fi gbọ́ ìró kan, gbì, bí ìgbà tí àpò símẹ́ǹtì já lulẹ̀. Okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ó mú aṣọ ìnura, ó fi bò ó léjìká, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ aṣọ olówó ńlá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

Egungun kankan kò ṣẹ́. Ìbàdí ló kàn wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí àkọ́bí ìyá náà, obìnrin tó ní ilé búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bó ṣe ń pàṣẹ fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ náà ló ṣe ń pàṣẹ láàárín ẹbí. Ó jókòó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó ní bí ìyá bá tún fi lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò gbé e lọ sílé òun, òun yóò sì gba obìnrin kan tí yóò máa wẹ̀ fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ obìnrin yẹn nìyẹn, owó oṣù ni yóò máa gbà.

Ìyá Àgbà yí ojú sí fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, owó ibẹ̀ ló sì fi tọ́ ọmọ méjèèjì lẹ́yìn tí bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbin àwọn ẹlòmíràn ló ń fọ̀ láyé rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a fọ tirẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní ebi ò pa òun. Ìgbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ọkọ mi," ló wí pẹ̀lú ohùn kékeré, "ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọmọkùnrin náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọnrangandan. Táìsì ló ń tẹ́, ó sì ti ń tẹ́ ẹ fún ọgbọ̀n ọdún. Bí ìlà tó wà láàárín táìsì méjì bá fi ìbú èékánná yà kúrò lójú okùn, yóò hú gbogbo ògiri náà, yóò tún un tẹ́, kódà kí ẹni tó ni ilé máa bẹ̀ ẹ́ pé ó ti dára bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bó bá sùn pàápàá, gbọnrangandan ló ń nà sórí ibùsùn, ẹni bá sì wọ́ ọ kúrò lójú ìlà ti ń wá ìjà.

Síbẹ̀, símẹ́ǹtì lásán ló wà nílẹ̀ balùwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ àti ọṣẹ ti fá lójú títí tó fi ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kówó jọ láti tún un ṣe. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó ráyè. Wàyí o, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó fún òun lóṣù kan péré. Ẹ̀gbọ́n gbà. Ó tilẹ̀ ṣí báàgì, ó ka owó tó tó ìdajì ohun tí àbúrò rẹ̀ ní nílẹ̀, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó ní kó ṣe balùwẹ̀ tí ojú kò ní í ti òun bí àwọn èèyàn ńlá bá wá kí ìyá àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Gbọnrangandan fa bébà àpò símẹ́ǹtì ya, ó yọ pẹ́ńsùlù tó máa ń wà létí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí yóò rà sílẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá funfun, irú èyí tí èèyàn ń nà gbalaja sí. Ẹnu ẹ̀rọ omi aláwọ̀ wúrà. Dígí tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Táìsì dídán fún ilẹ̀, táìsì dídán fún ògiri títí dé àjà, èyí tí èèyàn lè wo inú rẹ̀ gẹ irùngbọ̀n. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbé owó náà mì tán, ó sì tún ku díẹ̀ tí yóò lọ yá. Kò bà á lọ́kàn jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ṣe irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn; kí wá ni ti ìyá tirẹ̀ yóò fi kéré?

Ó gbé bébà náà fún ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní ṣe ń gbé ìwé èsì ìdánwò fún òbí. Obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ tó fi ẹnu há, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

"Ó rẹwà, Ọ̀gá," ló wí. "Èló nínú owó yìí ló máa kan ẹsẹ̀ Màmá?"

Ọkọ rẹ̀ fi ìka han ibi tó kọ táìsì ilẹ̀ sí.

"Dídán," ni obìnrin náà kà. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá o. Àbí torí pé kò sí dígí ni Màmá fi ṣubú?"

Inú bí Gbọnrangandan. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí aránṣọ ti ń kọ́ ẹni tó ń tẹ́ táìsì níṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aránṣọ ló ń gbé Màmá dìde nílẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ há ẹnu padà, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀.

Gbọnrangandan ní ìlànà iṣẹ́ kan tí kì í yẹ̀. Kì í po símẹ́ǹtì nílé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ to táìsì sílẹ̀ lásán, kí ẹni tó ni ilé fojú ara rẹ̀ rí bí yóò ṣe rí. Nítorí náà, kó tó sanwó ohunkóhun, ó gba páálí mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta táìsì, torí wọ́n ti jọ ń ṣòwò tipẹ́, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ balùwẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé wọn, gbogbo ilẹ̀ ń kọ mànà. Òun fúnra rẹ̀ dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ pe ìyá rẹ̀ pé kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un.

Ìyá Àgbà fọwọ́ ra ògiri dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì na ẹsẹ̀ kan síwájú jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

"Ta ló da omi sílẹ̀ tó báyìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ó lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú táìsì, ó gbé ọwọ́ sókè kí ìyá rẹ̀ rí i. "Kò sí omi níbẹ̀, Màmá. Bó ṣe ń dán ni."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ gbígbẹ náà. Ó rọra jọ̀wọ́ etí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá sálúbàtà rẹ̀ wọ̀. "Ó rẹwà," ló wí. "Ó rẹwà gan-an ni." Ó sì yí padà, ó fọwọ́ ra ògiri lọ sí yàrá rẹ̀.

Gbọnrangandan kò dìde níbi tó lóṣòó sí. Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń wò wọ́n látẹ̀yìn kò sọ pé ṣebí òun wí; ká ní ó sọ ọ́, ì bá sàn. Ohun tó kàn bi í ni pé, bó bá dé ilé oníbàárà, kí ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ọkùnrin náà mọ ìdáhùn náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ta ni yóò máa wẹ̀ níbẹ̀? Ọwọ́ wo ló fi ń mú ọṣẹ? Ṣé ìdúró ló ń wẹ̀ ni tàbí ìjókòó? Kò sí ilé tó ṣiṣẹ́ dé tí kò ti béèrè. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò bi ní nǹkan kan ni ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí láti ìgbà tó ti mú pẹ́ńsùlù, ara rẹ̀ ló ti ń rò bí ẹni tó ni balùwẹ̀.

Ó gbé garawa kan, ó dojú rẹ̀ dé ní yàrá ìyá rẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì yọ pẹ́ńsùlù etí rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, oníbàárà mi," ló wí. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe."

Ìyá Àgbà wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní igun ẹnu rẹ̀. "Mo ti gbọ́ nípa tìẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ wọ́n."

"A lè dúnàádúrà, Màmá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọpọ́n ìwẹ̀."

"Èyí tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí? Ṣé aṣọ tí wọ́n rẹ sómi di ọjọ́ kejì ni mí ni?"

Ó fi pẹ́ńsùlù pa ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ́. Ìyá Àgbà ní ibi ìjókòó lòun fẹ́, èyí tó ga tó àga tóun máa ń jókòó lé fún aṣọ ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ nǹkan tó le tóun lè dì mú lápá òsì, torí kànìnkànìn ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní kí ẹnu ẹ̀rọ má ga ju ìbàdí òun lọ. Ó ní kí wọ́n gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn wálẹ̀ kí apá òun lè tó o. Ohun gbogbo ni ọmọ rẹ̀ kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dórí ilẹ̀, ìyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ilẹ̀ ibi ìfọṣọ wa ńkọ́? Omi ọṣẹ dé ọrùn ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò yọ̀ rí. Kéékèèké ni wọ́n gé táìsì ibẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ìlà ló pọ̀ níbẹ̀, ọkọ mi. Àwọn ìlà yẹn ló ń di ẹsẹ̀ mú."

Pẹ́ńsùlù Gbọnrangandan dúró. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tó ti rí ilẹ̀ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tó ń jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí òun sì ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti ògiri kan dé ìkejì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìlà tó tọ́.

Ó dá páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ọkùnrin tó ń ta táìsì bi í bóyá owó ló tán. Ó ní owó wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, Gbọnrangandan náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kó tó délé, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti gbọ́ pé ó dá táìsì dídán padà.

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù kan, òkìtì àgékù táìsì wà. Bó bá parí iṣẹ́ níbi kan, ó máa ń bẹ onílé pé kó fún òun ní ẹyọ kan tàbí méjì nínú èyí tó kù. Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dà wọ́n nù kí ejò má baà fi ibẹ̀ ṣelé. Òkìtì yìí ló tú. Ó kó àwọn tó ń dán sápá kan, ó kó àwọn tí ojú wọn rí ṣákaṣàka sápá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, gbogbo wọn dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gé e. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí ẹ̀rọ tó fi ń gé táìsì ló ń lọ tààrà. Eruku bò ó títí ìyàwó rẹ̀ fi ń bi í bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ó ń rántí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ náà ni ohùn kan ń bi í nínú pé: ìwọ Gbọnrangandan, àgékù lo fẹ́ tẹ́ fún ìyá rẹ?

Ohun kan wà tí kò fi owó rẹ̀ dúnàádúrà rárá. Irin ìdìmú ni. Èyí tó nípọn jù ní ṣọ́ọ̀bù ló rà, irú èyí tí kì í dógùn-ún, méjì. Ó lu ògiri wọnú, ó fi símẹ́ǹtì di ìdí wọn pinpin. Nígbà tó gbẹ, ó so ara rẹ̀ rọ̀ sórí ọ̀kan, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá dì mọ́ òun lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé orí ti dàrú ni, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì ń rọ̀ níbẹ̀ bí aṣọ lórí okùn títí ẹ̀rín fi já wọn bọ́. Irin náà kò mì.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ló lọ.

Ọjọ́ tí oṣù pé, Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú bàtà gogoro àti búrẹ́dì méjì. Ó ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì dúró. Gbogbo àwọ̀ ló wà nílẹ̀: pupa, eérú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ igi, àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n rí kéékèèké láti ògiri dé ògiri, ìlà wọn sì tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Àga onísímẹ́ǹtì kan wà ní igun, irin méjì wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n béèrè ibi tí ọpọ́n wà. Àbúrò rẹ̀ fa àpò lẹ́tà kan yọ, owó tó fún un ló wà nínú rẹ̀, ó pé, ó na án sí i. Ẹ̀gbọ́n kò gbà á.

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìwọ lò ń tẹ́ ilé àwọn ọlọ́lá," ló wí. "Àkísà lo wá tẹ́ fún ìyá wa?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Gbọnrangandan níbi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni ohùn ti wá. Ìyá Àgbà ti dé, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Àkísà ni, ọmọ mi," ló wí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bọ́ bàtà rẹ kó o wọlé."

Ẹ̀gbọ́n, tí ogún èèyàn ń bẹ̀rù níbi iṣẹ́, bọ́ bàtà rẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ náà láìfọwọ́ kan ògiri. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ka sí ọ̀kan. "Èyí pupa yìí ńkọ́?"

"Ilé àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe ni, Màmá. Owó rẹ̀ ni mo fi ra aago fún yín."

"Àwọ̀ ewé?"

"Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, èyí tó wà lẹ́bàá afárá."

Ó rìn dé ìdí àga. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ojú wọn ti gbó, wọn kò ju ogún lọ. Ó wò wọ́n, ó wo ọmọ rẹ̀. Gbọnrangandan sọ ọ́ fún un pé nígbà tí ilé ìwòsàn fẹ́ tún ibi ìfọṣọ ṣe, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, òun ló sì hú ti àtijọ́. Òun kò mọ ohun tóun fẹ́ fi ṣe nígbà náà, òun ṣáà kó díẹ̀ wálé. Ìyá jókòó lórí àga náà, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì lé wọn.

Ẹ̀gbọ́n ṣì dúró sójú kan láìwọ bàtà. Ó ń wo abẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. "Aláwọ̀ igi yìí," ló wí, "mo mọ̀ ọ́n."

"Ilé búrẹ́dì yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má tẹ́ dídán, pé ẹ ò fẹ́ kí àwọn tó ń gbé ìyẹ̀fun yọ̀ ṣubú."

Ẹ̀gbọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà, ó gbé e sókè, ó tún un tẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba àpò lẹ́tà náà, ó yí padà, ó sì kó o fún aránṣọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó rán aṣọ ìnura tó nípọn, mẹ́fà, kí èyí tó wà léjìká ìyá àwọn yìí tètè di àkísà.

"Ẹ ti wò ó tán?" ni Ìyá Àgbà bi wọ́n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di irin mú. "Ó dáa. Ẹ jáde."

Wọ́n jáde. Ilẹ̀kùn pa dé, wọ́n sì gbọ́ nígbà tí ìkọ́ bọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na etí bí àwọn ará ilé ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí ìyá ti ṣubú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó dá. Kànìnkànìn ń ha ara. Lẹ́yìn náà ni ohùn jáde láti inú.

"Mò ń gbọ́ mímí yín. Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?"

Gbọnrangandan ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ki pẹ́ńsùlù bọ etí, ó gbé okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ, gbọnrangandan, kò bojú wẹ̀yìn.